Kádì adójútòfò ń sanwó ibà. Ṣé ó lè sanwó ìtọ́jú ọpọlọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa aláṣọ kan ní ọjà Ìgbọ̀nà, l'Óṣogbo. A tó 200 nínú ẹgbẹ́, a sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lápapọ̀ sí ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú láti bí ọdún 2. Abẹ́rẹ́ oṣooṣù àti oògùn oníhóró ni wọ́n ń fún un, ara rẹ̀ sì máa ń balẹ̀ tó bá ń lò ó déédéé. Owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń rà á. Ìyá náà ní kádì, àmọ́ wọ́n ní kádì yẹn kò kan ọmọ náà. Ṣé adójútòfò lè sanwó ìtọ́jú ọpọlọ? Bí kò bá tíì ṣe é tó bó ṣe yẹ, kí ni ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba tí wọn kò fi ní dá wa lóhùn pé owó kò sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ sì bá wa kí ìyá náà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, adójútòfò lè sanwó ìtọ́jú ọpọlọ, kódà apá kan rẹ̀ ti wà nínú ètò tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ "ìtọ́jú ọpọlọ" sínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí ọmọkùnrin yìí dé ilé ìwòsàn lóṣù tó ń bọ̀ kó sì bá abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Àárín méjèèjì yìí ni owó ti ń jò, ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ohun tí ẹgbẹ́ yín máa béèrè dá lé. Oògùn oṣooṣù ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ètò tó bá sanwó ibùsùn, tó sanwó dókítà, tí kò wá lè sanwó oògùn lóṣooṣù, owó ló ń dànù, nítorí aláìsàn kan náà ni yóò tún padà wá sùn lórí ibùsùn yẹn lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọmọ náà. Ó jọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò lórí kádì ìyá rẹ̀, kì í ṣe àìsàn rẹ̀. Nínú ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2005, èyí tí wọ́n ń pè ní NHIS nígbà náà, kádì kan bo òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ 4 tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ìdílé tó wá lẹ́yìn náà wò kọ tiwọn. Ọmọ tó bá ti pé 18 ti jáde nìyẹn. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: àìsàn ọpọlọ tó le, irú èyí tí ènìyàn ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń rò pé gbogbo ayé ló ń lé òun, nígbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 16 sí 30. Ìgbà tí àìsàn ń wọlé gan-an ni kádì ń jáde. Ọmọ náà kò lè ṣiṣẹ́ débi tí yóò fi dá tirẹ̀ san, òfin sì ti kà á sí àgbàlagbà. Èyí ni kí ẹ fi ṣe nǹkan àkọ́kọ́ nínú ìwé yín, nítorí àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀: kí ọmọ tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i pé àìsàn ọpọlọ ń ṣe máa wà lórí kádì òbí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 18, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn.

Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ọ̀nà 2 ló wà fún un báyìí. Èkíní ni kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń forúkọ sílẹ̀. Nọ́ńbà NIN rẹ̀ ni wọn yóò béèrè. Kí ẹ yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN wò kí ẹ tó lọ, kí ẹ fi wé èyí tó wà lórí ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ Ganiyu tí èkejì jẹ́ Gani, ojú kọ̀ǹpútà ni wọn yóò ti dá a padà, ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé gan-an lẹ sì máa tó mọ̀. Kádì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó. Àkókò ìdúró wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ náà lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí O'HIS, kí ìyá rẹ̀ sì ra oògùn tó máa gbé e kọjá ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń dá oògùn dúró nítorí wọ́n ti sanwó kádì, wọ́n á ní kí àwọn má ná owó lẹ́ẹ̀mejì. Àìsàn kò mọ̀ pé kádì ń bọ̀.

Ọ̀nà kejì kò wọ́pọ̀ létí àwọn ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òfin ló wà nídìí rẹ̀. Òfin NHIA, ìyẹn òfin àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká owó kádì. Òfin náà dárúkọ wọn: ọmọdé tí kò tó ọdún 5, aláboyún, àgbàlagbà tó ti darúgbó, àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àti aláìní. Ti ọpọlọ wà níbẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà, kí ìyá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù tiwọn, ì báà jẹ́ abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo tàbí ti Ọlọ́rundá, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn tí ìjọba ń san tiwọn fún, kó sì mú ìwé dókítà tó dárúkọ àìsàn náà dání. Tí wọ́n bá sọ fún un pé aláboyún àti ọmọdé nìkan ni àwọn ń kọ, kó má bá wọn jà. Kó gba orúkọ ipò ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kó kó o wá fún ẹ̀yin akọ̀wé. Ìwé yín nílò rẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ aláboyún, ẹ má gbàgbé abísínwín. Obìnrin bímọ tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin oorun dá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yí padà, ó lè máa rò pé ọmọ yẹn kì í ṣe tòun. Pàjáwìrì ni, ewu wà fún ìyá, ewu wà fún ọmọ, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àìsàn ọpọlọ tó máa ń gbọ́ oògùn jù tí wọ́n bá tètè mú un. Ètò tó ń sanwó oyún àti ìbímọ, tó wá jọ̀wọ́ ìyá náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bímọ nítorí pé orí ni àìsàn náà wọ̀, kò tíì parí iṣẹ́ tó gbà. Nínú ẹgbẹ́ tí obìnrin pọ̀ sí bíi tiyín, èyí nìkan tó ohun tí ẹ lè fi dúró níwájú wọn.

Bí kádì bá ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí ẹ yàn sórí rẹ̀ ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ọpọlọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Tó bá gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, owó ara rẹ̀ ni yóò san. Kó kó ìwé àtijọ́ àti páálí oògùn tó ti lò tán dání. Dókítà ibẹ̀ yóò kọ lẹ́tà tó máa gbé e lọ síwájú. L'Óṣogbo, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti UNIOSUN, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní LAUTECH, ni ó sún mọ́ yín jù, OAUTHC sì wà n'Ífẹ̀. Kí lẹ́tà náà dárúkọ àìsàn. "Kò rí oorun sùn" kò tó. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ yìí náà ló máa gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ ìtọ́jú, lọ́wọ́ àjọ tàbí HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bá ètò náà bójú tó owó ìtọ́jú, kì í ṣe ìyá ọmọ ló máa sáré kiri fún un. Kóòdù ni ilé ìwòsàn ńlá yóò fi gba owó iṣẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í fọwọ́ kan aláìsàn tí kò ní i. Kí ẹ béèrè ọjọ́ tí kóòdù yẹn máa kú, iye ìgbà tí ó lè fi rí dókítà, àti bóyá oògùn wà nínú rẹ̀. Kóòdù ìgbà kan ṣoṣo fún àìsàn tó máa gba ọdún ni ohun tó ń rẹ àwọn ìdílé jù: gbogbo oṣù ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ látòkè, owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀, títí wọ́n fi jókòó sílé. Kóòdù oṣù 3 tàbí 6 ni kí ẹ ní kí wọ́n máa fún irú aláìsàn yìí.

Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, tí ó ń halẹ̀ láti pa ara rẹ̀ tàbí tó ń bá ènìyàn jà, ẹ má dúró de lẹ́tà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù nínú àwọn tó wà lábẹ́ ètò náà, kí ẹnì kan sì pe àjọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ojú fèrèsé ilé oògùn ni gbogbo rẹ̀ ti ń yé ni. Ìwé tí dókítà kọ fún irú ọmọ yìí sábà máa ń ní ìlà 3: abẹ́rẹ́ fluphenazine, tí wọ́n mọ̀ sí Modecate, mílígíráàmù 25, sí ìdí, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 4, haloperidol oníhóró lálẹ́, àti benzhexol, tí wọ́n ń pè ní Artane. Ẹni tó wà lójú fèrèsé á fa ìlà sábẹ́ haloperidol nìkan, á kọ O/S, ìyẹn pé kò sí nílẹ̀, síwájú méjì tó kù, á da ìwé náà padà. Ìyá ọmọ á bọ́ síta lọ ra méjì yẹn lọ́wọ́ onílé oògùn ìta. Lójú ìwé ètò, wọ́n ti tọ́jú ọmọ náà. Lápò ìyá rẹ̀, èyí tó wọ́n jù nínú rẹ̀ ló san. Kí ó má ṣe fi ìwé yẹn sílẹ̀ ní ilé oògùn ìta o. Kó ní kí ilé ìwòsàn tẹ òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n kọ déètì, kó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹgbẹ́ lè kó jọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Artane kò ṣe pàtàkì. Modecate àti haloperidol máa ń ṣe àwọn kan ní nǹkan: ọrùn á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgbọ̀n á dè, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú lè yí sókè kó má sọ̀ mọ́. Benzhexol ló ń tú u. Ọ̀dọ́ tí ọrùn rẹ̀ bá wọ́ báyìí lẹ́ẹ̀kan, tí kò sí ẹni tó tú u fún un, kò ní jẹ́ kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́ mọ́, àwọn ará ilé á sì ní oríkunkun ló ń ṣe. Nítorí náà, tí ètò bá kọ abẹ́rẹ́ sínú ìwé oògùn rẹ̀ tí kò kọ èyí tó ń tú u, kò tíì kọ nǹkan kan. Àwọn oògùn yìí kì í ṣe oògùn olówó gọbọi, àtijọ́ ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà lórí ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kí ló wá dé tí wọn kì í sí nílẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sanwó fún ilé ìwòsàn ni. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ máa ń gba iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, ẹni náà ì báà wá, ì báà má wá. Lábẹ́ NHIS, ₦750 ni iye yẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dára fún ibà, ó dára fún ikọ́, nítorí pé àwọn tí kò wá ló ń gbé àwọn tó wá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ pé oògùn ọmọkùnrin yìí jẹ́ ₦6,000 lóṣù. Tí a bá fi ₦750 yẹn ṣírò, owó ènìyàn 8 ni òun nìkan jẹ tán lóṣù yẹn, yóò sì tún jẹ ẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Alábòójútó ilé ìwòsàn tó bá mọ̀ ọ́n kọ tó mọ̀ ọ́n kà yóò tètè rí i pé irú aláìsàn yìí ń mú òun pàdánù. Kò ní lé e. "Oògùn ti tán" ni yóò máa sọ. Ìkà kọ́, bí wọ́n ṣe to owó náà ló ń tì í síbẹ̀. Ohun tó lè tún un ṣe ni kí owó oògùn ọpọlọ oṣooṣù kúrò nínú owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹn, kí àjọ máa san án lọ́tọ̀ fún gbogbo ìgò abẹ́rẹ́ àti káàdì hóró tí ilé ìwòsàn bá fún aláìsàn, tàbí kí àjọ fúnra rẹ̀ máa ra oògùn náà lápapọ̀ kó sì pín in. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa béèrè, tó bá jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni wọ́n máa gbà fún yín, èyí ni kí ẹ dì mú. Ètò NHIS ní kí aláìsàn máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn. Ìyẹn jẹ́ ₦600 lórí ₦6,000. Apá ìyá náà ká ìyẹn.

Ẹ ní wọ́n máa ń dáhùn pé owó kò sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, kí ẹ kàn rántí pé àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ lò yìí, kí ẹ fi iye tí ẹ bá rí lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká ní ènìyàn 1,000 forúkọ sílẹ̀, 10 nínú wọn sì ń lo oògùn ọpọlọ ní ₦6,000 lóṣù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò lo ₦72,000 lọ́dún, gbogbo wọn ₦720,000. Ká tún ní 2 nínú wọn sùn ní ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ₦150,000 fún ẹnì kan: ₦300,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,020,000. Pín in fún ènìyàn 1,000, ₦1,020 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún gbáko, ₦85 lóṣù. Ṣùgbọ́n ká sọ pé 800 nínú wọn ní "kò sí wèrè nílé tiwa, àwa kò ṣe", tí ó ku 200 péré, tí àwọn 10 tó ń ṣàìsàn sì wà láàárín 200 yẹn. Owó kan náà yóò di ₦5,100 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tí ara wọn le yóò tún sá, yóò sì tún gbówó lórí. Báyìí ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń kú. Ẹ rí i pé àìsàn yẹn kọ́ ló gbówó lérí, iye ènìyàn tó ń gbé e ló kéré. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di àfikún tí ẹni tó bá wù yóò dá ra. Inú kádì gbogbo ènìyàn ni kó wà. Ìdí nìyí náà tó fi dára pé ẹgbẹ́ yín fẹ́ wọ̀ ọ́ lápapọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tí yóò bá yín níbi tí ẹ kò fojú sí. Ìlànà NHIS àtijọ́ yọ ìlòkulò oògùn olóró kúrò pátápátá nínú ohun tó ń sanwó fún. Ọ̀dọ́ tó fa igbó lẹ́ẹ̀kan rí, tí dókítà sì kọ ọ́ sókè ìwé rẹ̀, wọ́n lè fi ìyẹn dá owó rẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn mìíràn ni wọ́n ń tọ́jú. Kí ìyá má bẹ dókítà pé kó fi igbó pamọ́ o, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó lè yan oògùn. Kí ó kàn ní kó kọ àìsàn tó ń tọ́jú gan-an síwájú, bó ṣe rí. Ti ẹgbẹ́ yín ni kí ẹ béèrè pé kí wọ́n pa ìlà yẹn rẹ́. Ìlú tí tramadol àti ọtí ti wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ tó báyìí kò lè máa yọ ọ́ kúrò nínú ìlera.

Ẹlòmíràn lè sọ fún yín pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló lè tọ́jú ọpọlọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gan-an ni wọ́n ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú mú ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìtọ́jú ọpọlọ, wọ́n tún un ṣe kó bá Nàìjíríà mu, wọ́n sì fi kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera 198 láti ilé ìwòsàn alábọ́dé 68 ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 ní ìpínlẹ̀ yìí. Ọdún 2015 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ni ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í ṣe dókítà ọpọlọ, wọ́n sì lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le, wárápá àti àrùn ọpọlọ mọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa darí síwájú. Dókítà ọpọlọ ní Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200, a kò lè dúró dè wọ́n. Abẹ́rẹ́ ọlọ́sẹ̀ 4 kò nílò ju nọ́ọ̀sì kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti oògùn tó wà nílẹ̀ lọ. Kí dókítà ọpọlọ rí ọmọ náà ní oṣù 3 sí 6 kọ̀ọ̀kan, kí ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò máa gún un ní àárín rẹ̀. Bí ẹ̀yin bá fojú wo ìtàn, kò ṣàjèjì sí wa: ní ọdún 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ti ń gbé ní abúlé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ tí ó sì ń gba ìtọ́jú. Ibi tí ó máa ń ti bàjẹ́ ni kí wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì tán, kí wọ́n gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, tàbí kó wà níbẹ̀ kí àpótí oògùn ṣófo.

Nípa bí ẹ ṣe máa kọ ọ́, ẹ yẹra fún "kí ìjọba fi ìtọ́jú ọpọlọ sínú ètò". Wọ́n lè dá yín lóhùn pé ó ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Orílẹ̀-èdè Chile ni kí ẹ wò. Láti ọdún 2005, òfin ibẹ̀ kọ orúkọ àìsàn kọ̀ọ̀kan tí ètò ìlera gbọ́dọ̀ tọ́jú, ọjọ́ tí aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dúró kọjá, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ san kọjá. Àrùn ọpọlọ tó le wà lára àwọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì wọ̀ ọ́ ní 2006. Ẹni tí wọn kò bá tọ́jú mọ ohun tí òun lè tọ́ka sí. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: òfin wọn ti 2008 sọ pé ètò tó bá ń sanwó ìtọ́jú ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ fi ààlà tó le ju ti àìsàn ara lọ sí i. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kan rí ọ̀nà gba ẹ̀yìn rẹ̀: wọn kò kọ̀ láti sanwó, wọ́n kàn ń béèrè ìwé àṣẹ lórí ìwé àṣẹ. Ẹ ti rí irú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kóòdù tí mo sọ lókè.

Nítorí náà, kí ìwé yín dárúkọ àìsàn: àrùn ọpọlọ tó le, abísínwín, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wárápá, ọtí àti oògùn olóró. Kó dárúkọ oògùn, pẹ̀lú benzhexol àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi amitriptyline àti fluoxetine, kó sì sọ pé kí wọ́n máa sanwó wọn lọ́tọ̀. Kó béèrè pé kí ọjọ́ ibùsùn tí wọ́n fún aláìsàn ọpọlọ má kéré sí ti ẹlòmíràn. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lè nílò ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 kí ó tó balẹ̀, ètò tó ká a mọ́ ọ̀sẹ̀ 2 ń lé e sílé láàárín ìtọ́jú. Kó béèrè fún ìjókòó ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n kọ́ nípa rẹ̀, 6 sí 8 ó kéré tán, fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí pé kì í ṣe oògùn nìkan ló ń wò ó. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ènìyàn máa lò ó fún oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí ara bá ti yá; ètò tó bá sanwó oṣù kan péré dá a dúró kó tó wúlò.

Ẹ gbé ìwé náà ka òfin 2. Òfin NHIA 2022 tí a ti mẹ́nu bà, àti Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2023, èyí tó rọ́pò òfin ayé àwọn òyìnbó amúnisìn tó ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní wèrè. Ó ka yíya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ léèwọ̀, ó sì ní kí àpò owó kan wà fún un. Àwọn tí ẹ máa kọ ọ́ sí ni ọ̀gá àgbà àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abere, kí òmíràn lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlera ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Kí ó dé ibẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, torí ìparí ọdún ni wọ́n máa ń gbé ìṣúná lọ síwájú ilé. Ìwé tó bá dé ní oṣù Kejìlá yóò bá wọn níbi tí wọ́n ti pín owó tán. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹgbẹ́ 200 kéré láti dá a sọ, ẹ wá àwọn télọ̀, àwọn aláró, àwọn ọlọ́kadà, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i.

Ìwé O/S àti àwọn páálí oògùn tí ẹ bá kó jọ ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ya ẹ̀dà wọn, ẹ fi nǹkan bo orúkọ ọmọ náà àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀, kí ẹ má sì dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú lẹ́tà. Ó ní ilé tí wọ́n ń háyà, ó ní àwọn oníbàárà lọ́jà, ọmọ náà sì ṣì máa wá iṣẹ́. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, bóyá ó gbà kí ẹ lo ìwé òun rárá. Tó bá kọ̀, ẹ kọ iye oògùn náà nìkan.